Kíkọ ọpẹ́ sínú ìwé àbí rírìn: èwo ló ń múnú èèyàn dùn jù?

Ìwé ọpẹ́ kíkọ yẹn ń ṣiṣẹ́ o, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká parọ́. Àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí èèyàn méjì, Emmons àti McCullough, gbé ìwádìí jáde lórí ẹ̀ lọ́dún 2003, àwọn tó ń kọ nǹkan tí wọ́n ń dúpẹ́ lé lórí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ayé wọn tẹ́ wọn lọ́rùn ju ti àwọn tó ń kọ wàhálà wọn lọ. Àmọ́ tó bá ti di alaalẹ́ ó máa ń súni, wàá kàn máa kọ "ìlera, ẹbí, ọ̀rẹ́" ṣáá láìronú, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó jàre.

Ìrìn ní tiẹ̀, ara ló ń ṣe é, kódà tínú bá ń bí ẹ wàá ṣì lè rìn, oorun alẹ́ á tún wá dùn sí i, èyí nìkan tó èrè lójú tèmi. Ibi tó ti le ni pé kì í tètè mọ́ra. Nínú ìwádìí tí Lally, òun náà onímọ̀ nípa ìhùwàsí èèyàn, àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe ní London, tó jáde lọ́dún 2010, àṣà tuntun gba nǹkan bí ọjọ́ 66 kó tó mọ́ èèyàn lára, ti ẹlòmíì yá, ti ẹlòmíì pẹ́ gan-an. Torí náà so ó mọ́ nǹkan tó o ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, bíi kó o jáde gbàrà tó o bá jẹun tán.

Ìrìn lèmi máa mú, àmọ́ ẹni tí ẹsẹ̀ bá ń dùn kó yáa gbé bírò.