Gíláàsì iwájú máṣíìnì tí mo rà ní Ìkòròdú, àti ọ̀rọ̀ àkísà oníbẹntiróòlù

Ọjọ́ Ẹtì ni. Mo jí ní aago mẹ́rin ìdájí láti lọ kó ẹja fún àǹtí mi ní Ọjà Olúwo, l'Ẹ̀pẹ́. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí gíláàsì iwájú tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lánàá (rọ́bà tó mọ́ gaara ni, gíláàsì la kàn ń pè é), àfi bíi pé aláǹtakùn sùn lórí rẹ̀ mọ́jú. Ó ti sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ yí ihò bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká. Mo fọwọ́ pa á, kò kúrò. Inú rọ́bà náà gan-an ni ìlà yẹn wà. ₦18,000! Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fi rìn, láti Ìkòròdú wá sílé.

Bajaj ni mò ń gùn, ẹja ni mo ń kó, n kì í gbé èrò. Ọdún mẹ́ta ni mo fi gùn ún láìní gíláàsì. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ sí Ìkòròdú lásìkò ọyẹ́ rí yóò mọ̀: afẹ́fẹ́ á gba ọrùn ẹ̀wù wọlé, àyà á tutù bí ẹja inú yìnyín, kéèyàn sì tó dé Ìmọ̀tà, ìka ò ní mọ kílọ́ọ̀ṣì mọ́. Mo fara dà á. Tipa yanrìn kan ló parí ọ̀rọ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ fò láti ẹ̀yìn rẹ̀, ó bà mí létè, mo sì ń gbé ẹ̀jẹ̀ mì títí mo fi dé ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà.

Ìkòròdú ò sí lára ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà tí ìjọba Èkó lé ọ̀kadà kúrò nínú wọn ní oṣù kẹfà ọdún 2022, torí náà ohun èlò máṣíìnì ò wọ́n níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tí mo yà sí, ọ̀gá ibẹ̀ mọ iṣẹ́, n kò ní fi ìbínú bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Ó ní kí n jókòó bí mo ṣe máa ń jókòó, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tó bá imú mi dọ́gba, ó ní etí gíláàsì ò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀. Òkè rẹ̀ lèèyàn ń wò kọjá, kì í ṣe inú rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ lóru tí iná ọkọ̀ sì ń bọ̀ níwájú, ẹni tó ń gba inú rẹ̀ wòran ò ní rí nǹkan kan. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló dè é. Ó so bóòtù le dé gongo, ó rẹ àkísà sínú ìgò bẹntiróòlù, ó fi nu gbogbo rẹ̀ títí tó fi ń dán. Inú mi dùn débi pé mo fún un ní ₦500.

Bí mo ṣe fún àwọn oníbàárà ní ẹja wọn tán lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, ṣọ́ọ̀bù ni mo gbà lọ. Ọ̀gá wò ó, ó ní oòrùn ni. Mo ní oòrùn wo, lóru? Ó ní bóyá mo fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́. Ó ní bóyá mo gbé máṣíìnì ṣubú, mo wá ń dá a sí wọn lọ́rùn. Ìyẹn ló dùn mí jù. N kò bú u, ṣùgbọ́n ohùn mi dé òdìkejì títì.

Ìyàwó rẹ̀ ló jáde láti ẹ̀yìn, ìwé gbèsè lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀. Kí lẹ fi nù ún?"

"Èmi kọ́ ni mo nù ún, ìyá. Ọmọ yín ni."

Ó yíjú sí ọmọ náà. Ọmọ ní bẹntiróòlù ni. Obìnrin yìí ò sọ nǹkan kan. Ó mú àfọ́kù gíláàsì kan tó ti kán tẹ́lẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ bí ọrun, ó fi okùn dè é, ó ní kí ọmọ náà kán bẹntiróòlù síbi tó tẹ̀ jù. Gbogbo wa dúró. Kò pẹ́ rárá tí ìlà funfun tín-ín-rín fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ọ̀kan, òmíràn, bí igbá tí oòrùn pa. Ó ní ibi tí rọ́bà yìí bá ti fà le, bẹntiróòlù á là á. Ibi bóòtù ló sì ti máa ń fà le jù. Omi àti ọṣẹ díẹ̀, pẹ̀lú aṣọ rírọ̀, ló tó o.

Ọ̀gá gbọ́wọ́ sókè láti gbá ọmọ náà létí. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ta ló kọ́ ọ? Ṣé kì í ṣe ìwọ ni?" Ọwọ́ yẹn sì wálẹ̀.

Gbogbo ìbínú mi tán níbẹ̀. Wọ́n mú tuntun, wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ kúnlẹ̀, ó fi wáṣà rọ́bà sábẹ́ nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, ó fọwọ́ lásán yí i, kó tó fi sípánà tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú." Mo ní ó ti tán.

Oṣù méjì rèé. Ọyẹ́ ò mú mi láyà mọ́, kòkòrò ìrọ̀lẹ́ tó máa ń kó sí mi lẹ́nu, ara gíláàsì ni wọ́n ń kú sí. Lórí afárá Ìtòikín, bí afẹ́fẹ́ bá ti ẹ̀gbẹ́ wá, ó máa ń fa ọwọ́ máṣíìnì. Mo ń dẹwọ́ eré níbẹ̀, n kì í sì í gan ọwọ́ mọ́ ọn. Nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Ìkòròdú, ooru pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ní kí n yọ ọ́, n kò ní gbà.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo lọ ra púlọ́ọ̀gì lọ́dọ̀ wọn. Ìyàwó ò sí nílé. Ọmọ náà ń nu gíláàsì tuntun lórí máṣíìnì baba àgbàlagbà kan, ìgò bẹntiróòlù yẹn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo pariwo. Ọ̀gá ní, "Díẹ̀ náà ni, ẹ̀gbọ́n." Mo gba àkísà lọ́wọ́ ọmọ, mo ní kí baba wá omi da sí i.

Máàkì mi fún ṣọ́ọ̀bù náà: 2 nínú 5.