Àpótí Táàpù àti Dáì "Little Giant" Tí Wọ́n Ní Ó Ti Ayé Fitóríà Wá

Pọ́n-ùn 40 ni mo ra àpótí onígi kan ní ọjà àlòkù tí wọ́n máa ń ná láàárọ̀ Sunday lẹ́yìn ìlú Manchester, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ láti bí ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Táàpù mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, èyí tí à ń fi gé tírẹ́ẹ̀dì, ìyẹn ìlà tó yí po bí ti síkúrù, sínú ihò, pẹ̀lú dáì méje tí à ń fi gé e sára ọ̀pá irin, ọwọ́ irin tí à ń ki dáì bọ̀, àti ọwọ́ kékeré tí à ń fi yí táàpù. Bàbá tó tà á fún mi búra pé ayé Ọbabìnrin Fitóríà ni wọ́n ti ṣe é, ìpẹtà ara rẹ̀ ló sì fi ṣe ẹ̀rí. Mo sanwó, ṣùgbọ́n n kò gba ẹ̀rí náà, nítorí irin tí a bá gbàgbé sábẹ́ òrùlé tó ń jò fún òjò ọdún kan ṣoṣo lè dípẹtà ju èyí tí a fi epo pa mọ́ fún ọgọ́rùn-ún ọdún lọ.

Nígbà tí mo délé, mo fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì tí irun rẹ̀ kò le fọ gbogbo wọn. N kò jẹ́ kí pépà ìnurin kàn wọ́n rárá, nítorí lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ sára irin ni ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀, ẹni tó bá sì fi ìnurin pa á rẹ́ kò ní rí òmíràn. Mo wá fi ṣọ́ọ̀kì funfun, irú èyí tí olùkọ́ fi ń kọ̀wé sójú pátákó, ra ibi tí lẹ́tà wà, mo nu orí rẹ̀ kúrò, mo sì tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́. Ohun tí ojú kò rí tẹ́lẹ̀ wá hàn gbangba. LITTLE GIANT ló wà lára ọwọ́ dáì; ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú ìdérí àpótí ní tirẹ̀ kọ ọ́ pé Greenfield Tap & Die Corporation, Greenfield, Massachusetts.

Orúkọ ilé-iṣẹ́ yẹn nìkan ti tó láti tú ọ̀rọ̀ bàbá náà ká. Ilé-iṣẹ́ Wells Brothers ló ni orúkọ Little Giant látilẹ̀, nígbà tí Wiley & Russell, tí àwọn náà wà ní ìlú Greenfield kan náà ní Amẹ́ríkà, ń ta tiwọn lórúkọ Lightning àti Green River. Ọdún 1912 ni àwọn méjèèjì wọnú ara wọn di Greenfield Tap & Die Corporation. Fitóríà ti wàjà ní 1901, nítorí náà ọba mìíràn, tí í ṣe ọmọ ọmọ rẹ̀, ló wà lórí oyè kí àpótí tó ń jẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ tuntun yìí tó lè jáde.

A ti wá rí ọdún tí kò lè ṣáájú rẹ̀. Ó ku ọdún tí kò lè kọjá, ìyẹn ló sì le. Orúkọ tí wọ́n pe tírẹ́ẹ̀dì ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. U.S.S. (United States Standard) àti S.A.E. (Society of Automotive Engineers) ló wà nínú ìwé ìdérí yìí. U.S.S. ni tírẹ́ẹ̀dì tí William Sellers gbé kalẹ̀ ní Philadelphia ní 1864, tí igun rẹ̀ jẹ́ dígírì 60, tí orí rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ, S.A.E. ni èyí tí eyín rẹ̀ wẹ́, tó sì sún mọ́ra, tí àwọn oníṣẹ́ mọ́tò fẹ́ràn. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé ìgbìmọ̀ tírẹ́ẹ̀dì dìde ní 1918, orúkọ NC (National Coarse, eyín ńlá) àti NF (National Fine, eyín wẹ́wẹ́) bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò wọn, UNC àti UNF (U.N. ni Unified, èyí tí wọ́n jọ ṣọ̀kan) sì tẹ̀ lé e lẹ́yìn tí Amẹ́ríkà, Bìrìtìkó àti Kánádà fọwọ́ sí àdéhùn kan ṣoṣo ní 1948, nítorí pé lásìkò ogun, nọ́ọ̀tì ti ọ̀hún kì í wọ bóótù ti ìhín. Àwọn ọlọ́jà kì í tètè jáwọ́ nínú orúkọ àtijọ́, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá fi gbogbo rẹ̀ wé ara wọn, n óò fi àpótí yìí sí àárín 1912 àti ìparí àwọn ọdún 1920. Kò sí HS tàbí HSS (high-speed steel) lára táàpù kankan nínú rẹ̀. Irin tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, tí Taylor àti White fi han ayé ní Paris ní 1900, lè gé irin mìíràn títí tí yóò fi gbóná láìpàdánù ẹnu. Àìsí rẹ̀ kò tako ọdún tí mo dá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun nìkan kò tó ẹ̀rí, torí wọn kò fìgbà kan dáwọ́ dúró láti máa fi irin kábọ̀nù ṣe táàpù olówó pọ́ọ́kú. Ẹ má sì jẹ́ kí déètì tó bá wà lẹ́yìn PAT'D tàn yín jẹ: ọjọ́ tí wọ́n gba ìwé àṣẹ ìhùmọ̀ (patent) ni, ilé-iṣẹ́ sì lè máa tẹ̀ ẹ́ sára ọjà fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Láti 1927 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní nọ́ńbà ìwé àṣẹ ni kí wọ́n máa tẹ̀.

Táàpù kan ló dá mi dúró. Ó jókòó sínú ihò ìdajì ínṣì nínú àpótí náà bí ẹni pé ilé rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n dúdú rẹ̀ kò jọ ti àwọn yòókù. Mo fi rúlà irin lé ibi tí tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ti kún, mo yẹra fún ẹnu rẹ̀ tó tín-ín-rín, mo sì fi èékánná kà á ní orí kọ̀ọ̀kan dé òpin ínṣì kan. Méjìlá ni. Mo tún un kà: méjìlá. Ti Amẹ́ríkà ní ìdajì ínṣì jẹ́ mẹ́tàlá, ti Whitworth, ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló jẹ́ méjìlá. Láti ìdá mẹ́rin ínṣì títí dé ínṣì kan, ibẹ̀ nìkan ni òǹkà àwọn méjèèjì ti yàtọ̀ láàárín àwọn ìwọ̀n tí à ń lò lójoojúmọ́. Ní 3/8, ẹni méjèèjì ń ka 16, ní 3/4, 10 ni wọ́n ń kà. Níbẹ̀, gééjì, irin pẹlẹbẹ eléyín tí à ń fi wọn tírẹ́ẹ̀dì, nìkan ló lè dá wọn mọ̀: ẹ gbé e lé tírẹ́ẹ̀dì, kí ẹ gbé e síwájú iná, bí ìmọ́lẹ̀ bá sì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ eyín gééjì dígírì 60, ẹ gbé ti 55 wá.

Joseph Whitworth, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà níhìn-ín ní Manchester, ló kó bóótù jọ láti ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó wá ìwọ̀n àárín gbogbo wọn, tó sì gbé ìlànà dígírì 55 kalẹ̀ ní 1841, pẹ̀lú orí àti ìdí tírẹ́ẹ̀dì tó rí róbótó. Kó tó dé, alágbẹ̀dẹ kọ̀ọ̀kan ló ń dá tirẹ̀ ṣe. Bí nọ́ọ̀tì rẹ bá sọnù, ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe bóótù náà gan-an lo máa padà sí. Ní ti táàpù inú àpótí mi, nígbà tí ṣọ́ọ̀kì wọ ọrùn rẹ̀, àmì ọfà ìjọba Bìrìtìkó, èyí tí wọ́n ń tẹ̀ sára ohun ìní ológun, yọ, pẹ̀lú 1941 lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ ogun ni, ó kàn wá fara pamọ́ sílé àlejò ni.

Ní ti iṣẹ́, mo yin àwọn dáì náà gidigidi. Ìlàjì méjì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n wà nínú òrùka tí síkúrù ń fún wọn tàbí tí ó ń tú wọn, nítorí náà mo lè gé e lẹ́ẹ̀kíní ní dídẹ̀, kí n tún fún un, kí n gé e lẹ́ẹ̀kejì, títí nọ́ọ̀tì yóò fi wọ̀ ọ́ láìmì. Abẹ́ rẹ̀ ní atọ́nà tí kì í jẹ́ kí dáì wọ́. Mo fi 3/8 gé ọ̀pá irin lásán mẹ́ta pẹ̀lú epo, ó mọ́ ju ti ẹ̀rọ tuntun kan tí mo ní lọ. Mo ṣẹ́ táàpù ìdá mẹ́rin ínṣì kan ní ọjọ́ kejì, èmi ni mo sì jẹ̀bi: mo kánjú, n kò dá a padà sẹ́yìn láti já ìpẹ́ irin lẹ́yìn ìdajì ìyípo. Ẹ má fi wọ́n gé irin aláìdípẹtà. Irin kábọ̀nù kò sí fún irú ìjà bẹ́ẹ̀.

Mo padà lọ bá bàbá ọlọ́jà ní Sunday kejì, mo fi ìwé ìdérí hàn án. Ó wò ó, ó ní àwọn oníbàárà fẹ́ràn Fitóríà, ó sì yíjú sí ẹlòmíràn. Pọ́n-ùn 40 kò pọ̀ jù fún ohun tí mo rí. Fún ìtàn tó tà mọ́ ọn, n kò ní san kọ́bọ̀.

Mo ya àwòrán rẹ̀ fún àbúrò mi kan ní Òṣogbo tó ń tún ẹ̀rọ Lister àtijọ́, ẹ́ńjìnnì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe fún àwọn tó ń lọ ata.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé èyí á wọ ìdí Lister tí mo ní nílẹ̀? Ìdajì ínṣì ni, mo ka méjìlá níbẹ̀."

"Má ki ti Amẹ́ríkà bọ̀ ọ́ o, yóò ba ihò náà jẹ́. Ti ológun yẹn ni tìrẹ."

Ẹni tó ń lọ sílé ní oṣù tó kọjá bá mi gbé e dání, wọ́n sì ti fi tún ihò mẹ́rin ṣe. Ihò ìdajì ínṣì nínú àpótí mi ti ṣófo, táàpù U.S.S. tó ń ka mẹ́tàlá ni mo ń wá báyìí, bó bá dípẹtà, kò burú.