Gọ́ọ̀mù gásíkẹ́ẹ̀tì eléérú: ibi tó ti wúlò, àti ibi tí kò yẹ kó dé

Gọ́ọ̀mù sílíkónì inú túùbù, irú ti Abro, tí a fi ń dí àárín irin méjì kí ọ́ọ̀lì má bàa jò, kò ṣòro rí l'Ádó-Èkìtì. Pupa wà, búlúù wà, dúdú àti eléérú náà wà. Dúdú àti eléérú ló bá ibi tí ọ́ọ̀lì ẹ́ńjìnnì ń gbà mu, torí wọ́n fara da ọ́ọ̀lì. Pupa ni ti ibi tó gbóná gan-an. Eléérú ni à ń sọ níbí, ọjà gidi sì ni. Bó bá jò, ọ̀nà tí wọ́n gbà lò ó ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò: bóyá ó pọ̀ jù, bóyá ojú irin ò mọ́, tàbí wọn ò dúró kó gbẹ kí wọ́n tó da ọ́ọ̀lì sí i.

Ẹ jẹ́ ká mú sọ́ǹpù, àwo tó ń gba ọ́ọ̀lì nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ti Corolla tó ń lo ẹ́ńjìnnì 1ZZ. Láti ilé iṣẹ́ ni Toyota ti fi gọ́ọ̀mù dí i, kò ní gásíkẹ́ẹ̀tì oníbébà rárá. Gọ́ọ̀mù níbẹ̀ kì í ṣe àbùlẹ̀, òun gan-an ni gásíkẹ́ẹ̀tì. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ ká fi ìkánjú ṣe é.

Mímú ojú irin mọ́ ló ń gba àkókò jù. Lẹ́yìn tí sọ́ǹpù bá ti bọ́, ọ́ọ̀lì á ṣì máa kán láti òkè fún ọ̀pọ̀ wákàtí; ó dára kó di ọjọ́ kejì. Abẹ ni kí ẹ fi ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò, gbogbo rẹ̀ pátá, torí sílíkónì tuntun kì í lẹ̀ mọ́ ti àtijọ́. Ẹ má ṣe gbé ẹ̀rọ tó ń fi sánńpépà yí sí i. Eruku rẹ̀ máa ń wọ inú ẹ́ńjìnnì, bẹ́árìn ló sì máa jẹ. Pẹtiróòlù lè fọ ìdọ̀tí àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń fi ọ̀rá díẹ̀ sílẹ̀, nítorí náà tínà àti àkísà tó mọ́ ni kó gbẹ̀yìn. Bí ẹ bá ti nù ún tán, ìka ò gbọdọ̀ kan án mọ́.

Ẹ wo etí sọ́ǹpù náà. Bí ẹnì kan bá ti fún bóòtù rẹ̀ jù nígbà kan rí, irin ẹ̀gbẹ́ ihò á ti wú sókè. Ẹ gbé e lé pákó tó tẹ́jú, kí ẹ rọra fi òòlù lù ú padà. Bí wíwú náà bá ṣì wà níbẹ̀, kò sí gọ́ọ̀mù tó lè dá ọ́ọ̀lì dúró.

Ẹ gé ẹnu túùbù díẹ̀, kó má fẹ̀ jù. Ẹ fa ìlà kan ṣoṣo tí kò já, tó nípọn tó mílímítà 3 sí 5, tó gba apá inú ihò bóòtù kọjá. Ẹ má jẹ́ kó wọ inú ihò tí kò jáde lódìkejì: bóòtù á ti gọ́ọ̀mù náà mọ́ ìdí ihò, ó sì lè sán irin. Ìlànà Toyota ni pé kí a gbé sọ́ǹpù sípò láàárín ìṣẹ́jú 3, kí a dì í tán láàárín ìṣẹ́jú 15, kí a má sì bu ọ́ọ̀lì sí i kí wákàtí 2 tó pé. Bóòtù tí súpánà 10 ń tú ni. 9 N·m (ìwọ̀n agbára tí a fi ń fún bóòtù) tó fún un, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín, kí ẹ máa fò láti apá kan sí èkejì.

Ara páálí gọ́ọ̀mù míì lè sọ nǹkan mìíràn: kí ẹ fi ọwọ́ lásán dì í, kí ẹ dúró fún wákàtí kan, kí ẹ tó wá fún un. Fún sọ́ǹpù yìí, ti Toyota ni ká tẹ̀ lé. Èyí tó burú jù ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fún un nígbà tí ojú gọ́ọ̀mù ti ń di awọ, torí ṣe ló máa ya.

Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń jẹ́ kí gọ́ọ̀mù yìí gbẹ, láti ìta wọ inú. Lásìkò òjò, ojú rẹ̀ máa ń tètè di awọ, nítorí náà kí ohun gbogbo wà nílẹ̀ kí ẹ tó ṣí túùbù. Lásìkò ọyẹ́, ẹ fún un ní àkókò sí i. Bó ti wù kó rí, òru kan ni ìmọ̀ràn wa, wákàtí 24 bí ó bá ṣeé ṣe. Èyí tó nípọn jù lè gbẹ lójú kó ṣì rọ̀ nínú.

Ohun tó yẹ ká bẹ̀rù jù ni èyí tó bá pọ̀. Bí ẹ bá rí i tó yọ ká etí sọ́ǹpù bí okùn, bẹ́ẹ̀ náà ló yọ sínú. Èyí tó wà nínú máa ń já, ọ́ọ̀lì á gbé e lọ sí asẹ́ tó wà lẹ́nu páìpù tí pọ́ǹpù fi ń fa ọ́ọ̀lì. Asẹ́ á dí, iná ọ́ọ̀lì á tàn, ẹ́ńjìnnì á nọ́ọ̀kì. Díẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́ létí ìta ti tó.

Bí ó bá tún jò lẹ́yìn iṣẹ́ tó mọ́ báyìí, ẹ wo fáàfù PCV, ibi tí èéfín inú ẹ́ńjìnnì ń gbà jáde, kí ẹ tó ra túùbù míì. Èéfín ìjóná tó ń gba ẹ̀gbẹ́ písítìnì kọjá kò ní ríbi jáde bó bá dí, á sì máa ti ọ́ọ̀lì jáde níbi tó bá rọ̀, pàápàá nígbà tí ọkọ̀ bá ń fi agbára gun òkè Ẹ̀fọ̀n.

Tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà, ìdérí tó wà lókè orí ẹ́ńjìnnì, ńkọ́? Rọ́bà ni gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ibi méjì péré tí kọ́fà ṣéènì ti pàdé irin orí ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ kán gọ́ọ̀mù sí. Bí ẹ bá fi yí rọ́bà náà ká, ṣe lẹ máa jẹ́ kó yọ̀ kúrò nípò.

Top gasket, èyí tó wà lábẹ́ orí ẹ́ńjìnnì, ò gbọdọ̀ rí gọ́ọ̀mù yìí rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ibi tí pẹtiróòlù ń kàn, bíi kábúrétọ̀: pẹtiróòlù máa ń mú sílíkónì wú, kó sì máa jẹrà. Ẹ́ńjìnnì jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń po ọ́ọ̀lì mọ́ pẹtiróòlù rẹ̀ wà nínú èyí, torí inú kíráńkì rẹ̀ ni epo ń gbà. Hylomar, gọ́ọ̀mù mìíràn tí kì í gan, ló bá irú ibẹ̀ mu.

Ẹ̀rọ Lister tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ sílíńdà rẹ̀ ló ń pinnu àlàfo tó wà láàárín písítìnì àti orí ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó bá yọ wọ́n tó fi gọ́ọ̀mù rọ́pò ti dín àlàfo náà kù, písítìnì sì lè máa gbá òkè.

Nígbà tí ẹ bá ń rà á, ẹ tẹ túùbù wò kó rọ̀ déédéé, kí ẹ wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, kí ẹ sì rí i pé ẹnu rẹ̀ lábẹ́ ìdérí ò tíì lu. Èyí tó ń rùn bí ọtí kíkan ń tú ásíìdì sílẹ̀ bó ṣe ń gbẹ, ó sì lè jẹ irin. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé kò ní ba sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn jẹ́. Lẹ́yìn lílò, ẹ jẹ́ kí díẹ̀ yọ lẹ́nu túùbù kó gbẹ síbẹ̀. Òun ló máa dí ẹnu rẹ̀, bí ẹ bá tún fẹ́ lò ó, ẹ fà á yọ.