Ilẹ̀ Gáréèjì Tó Sán: Ṣé Ká Rẹ́ Ẹ Ni, àbí Ká Fọ́ Ọ Tún Dà?

Bí ilẹ̀ gáréèjì bá sán, ọ̀pọ̀ onílé a ní kí bíríkìlà fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ojú rẹ̀, nítorí iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Èyí dára bí ó bá jẹ́ ojú nìkan ló bó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi òòlù kàn án, tí ó sì dún bí àpótí òfìfo, yẹ̀pẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ti rì, táyà ọkọ̀ yóò sì tún fọ́ ohun tí ẹ rẹ́. Níbẹ̀, fífọ́ ọ tún dà ni mo fara mọ́, bó tilẹ̀ ń gbówó: a ó gún yẹ̀pẹ̀ náà kí ó le, a ó da kọnkéré íǹṣì 5 (sìmẹ́ǹtì 1, iyanrìn 2, òkúta 4), a ó sì máa bomi rin ín fún ọjọ́ 7, níbi tí ìkánjú ti sábà máa ń ba iṣẹ́ jẹ́.