Alhája onígàrí tí ìdí kóńgò ẹ̀ tẹ́jú, lọ́nà ọjà Atákúnmọ́sà, Iléṣà

Ẹ̀yin ará Iléṣà àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń gba ibẹ̀ kọjá, ẹ kú àsìkò yìí o. Ọ̀rọ̀ gàrí ni mo bá wá lónìí, àti obìnrin kan tó ń tà á lójú ọ̀nà tó wọ ọjà Atákúnmọ́sà. Alhája la máa ń pè é, mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí kò rán mi níṣẹ́, kò tiẹ̀ mọ̀ pé mò ń kọ nǹkan kan nípa òun. Gàrí Ìjẹ̀bú, gàrí elépo, láfún, èlùbọ́ iṣu, ìrẹsì, ẹ̀wà olóyin, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní 2021 lẹ́yìn ọdún 35 gbáko. Nígbà tí mo wọṣẹ́ ní 1986 Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ la ṣì wà, 1991 ni wọ́n tó yọ Ọ̀ṣun jáde. Nígbà tówó oṣù ń wọlé mi ò mọ iye tí wọ́n ń ta gàrí, ìyàwó mi á lọ sọ́jà, á gbé e wálé, ó parí. Àmọ́ owó ìfẹ̀yìntì yàtọ̀ sówó oṣù, ẹni tó wà nínú ẹ̀ ló mọ̀, ìgbà tó bá wù ú ló ń wọlé, tó bá sì wọlé, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru á kọ́kọ́ mú tiẹ̀ nínú ẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í nájà fúnra mi.

Lọ́jà kan báyìí, mo ra kóńgò gàrí mẹ́ta. Mo délé, mo fi kóńgò tí màmá mi fi sílẹ̀ wọ̀n ọ́n padà, kò pé mẹ́ta, ó dín ní bí agolo mílíìkì mẹ́rin. Mo bá padà lọ lọ́jọ́ kejì, mo ní kí ẹni tó tà á jẹ́ n wo kóńgò ẹ̀. Wọ́n ti fi òòlù lu ìdí ẹ̀ látìta, tó fi jẹ́ pé tó o bá wo inú ẹ̀, ìdí yẹn ti wú sókè bí ẹ̀yìn ahun. Òfin òṣùwọ̀n wà ní Nàìjíríà láti àwọn ọdún 1970, ṣùgbọ́n kílò àti lítà lòfin yẹn mọ̀, kò mọ kóńgò rárá, bẹ́ẹ̀ kóńgò yìí ni gbogbo wa fi ń jẹun.

Ti Alhája tẹ́jú. Kò dúró kó o bi í, á dojú ẹ̀ dé, á gbá ìdí ẹ̀ pẹ̀ẹ́, á sì na ẹnu ẹ̀ sí ẹ kó o wò ó. Tó bá wá ń wọ̀n ọ́n, á fọwọ́ méjèèjì rọ́ ọ títí á fi kó òkìtì, èyí tó bá ṣàn dànù nínú ọ̀rá ẹ ló ń bọ́ sí, lẹ́yìn náà á tún bu ènì lé e láìjẹ́ pé o bẹ̀ ẹ́.

Ohun tó mú mi jókòó kọ èyí ni ọ̀rọ̀ agolo. Lọ́jọ́ tí mo ń sọ yìí, 1,000 náírà ni kóńgò gàrí, agolo mẹ́wàá ló sì wà nínú kóńgò kan. Ibi púpọ̀ ni wọ́n ti ń ta agolo kan ní 150, ìyẹn ni pé ẹni tí ò lówó kóńgò tó ń rà á ní díẹ̀díẹ̀, 1,500 ló máa ná kó tó jẹ nǹkan tí ẹlòmíì jẹ ní 1,000. Alhája, 100 ló ń ta agolo. Ọmọbìnrin kékeré kan wọ yúnífọ́ọ̀mù wá, ó ní 200 lọ́wọ́, ó wọn agolo méjì fún un, ó tún bu ènì sí i bó ṣe bu ún fún èmi. Mo ní, "Alhája, ṣé ẹ ń jèrè ṣá?" Ó ní, "Bàbá, torí pé kò ní lọ́wọ́ ló ṣe ń ra agolo. Ṣé torí ìyẹn ni kí n wá gba tọwọ́ ẹ̀ kún tèmi?" Ó sì ń so ọ̀rá ọmọ náà lọ. Ó ní ààfáà wọn ti ka Suratul Mutaffifin fáwọn ní àsàlátù, pé ègbé ni fẹ́ni tó máa ń gba tiẹ̀ ní kíkún tó sì ń dín tẹlòmíì kù. Mo délé mo ṣí Bíbélì tèmi, ìwé Òwe orí 11, ẹsẹ kìíní, ọ̀rọ̀ ìwọ̀n èké ló fi bẹ̀rẹ̀. Alàgbà ìjọ ni mí, mo ti gbọ́ ìwàásù lórí ìdámẹ́wàá àìmọye ìgbà, mi ò rántí ọjọ́ kan tí wọ́n wàásù fún wa lórí kóńgò.

Mi ò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́, mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, mo sì máa ń fi yangàn nílé. Ṣùgbọ́n opó kan wà tó ń ti abúlé wọkọ̀ wá nítorí owó ọkọ ẹ̀ tó kú sẹ́nu iṣẹ́, ó wá, ó wá, títí bàtà ẹ̀ fi já, fáìlì ẹ̀ wà nísàlẹ̀ lórí tábìlì mi. Àwọn tí ọ̀gá bá pè mí lé lórí ni mò ń kọ́kọ́ ṣe. Kóńgò tèmi náà wú nídìí, mi ò kàn dojú ẹ̀ dé wò ni.

Alhája tún ń tà láwìn fáwa tá a ti fẹ̀yìn tì. Òṣómàáló ni bàbá mi, bí ọ̀pọ̀ bàbá Ìjẹ̀ṣà ayé ọjọ́un, á ru aṣọ dé oko olóko, á tà á láwìn lówó tó ga ju tọjà lọ, tó bá sì dìgbà ìsanwó, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni náà, ó ní òṣó lòun máa ló tóun á fi gbowó òun. Owó yẹn ni wọ́n fi rán mi níléèwé, mi ò lè bú u. Àmọ́ iye tí Alhája ń ta tọwọ́ sọ́wọ́ náà ló ń ta àwìn, ó ní ìwé kékeré kan tó ń kọ ọ́ sí, nígbà tí owó wa pẹ́, oṣù méjì ni kò béèrè tọwọ́ mi, tá a bá pàdé, ara mi ló ń béèrè.

Mo fún Alhája ní máàkì 4 nínú 5. Ẹ̀wà ẹ̀ máa ń ní òkúta, ẹ ṣà á dáadáa kẹ́ ẹ tó gbé e kaná. Kì í gba tiránsífà, ẹ mú káàṣì dání, ẹ sì mú báàgì yín wá torí ọ̀rá ẹ̀ ò lágbára. Lọ́jọ́ Jímọ̀, tó bá di agogo 12, á daṣọ bo ọjà ẹ̀, ó di nǹkan bí agogo méjì kó tó padà dé. Ẹ tètè lọ láàárọ̀ tó bá jẹ́ gàrí Ìjẹ̀bú lẹ fẹ́, kì í pẹ́ tán.