Ìkìlọ̀ Pàtàkì fún Ẹ̀yin tí Ẹ Ń Ra Lysine lórí WhatsApp

Ẹ̀yin ará, mo fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ kìlọ̀ fún yín nípa ọkùnrin kan tí ó ń ta lysine oníkápúsù, èròjà oúnjẹ kan tí àwọn ènìyàn ń lò fún egbò ètè, lórí WhatsApp, tí ó ní Èkó ni òun ti ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo ìlú. Mo san ₦18,500 fún ike kan nítorí àbúrò mi obìnrin, tí egbò wẹ́wẹ́ máa ń yọ sí létè nígbàkígbà tí ibà bá dá a dúbúlẹ̀.

Ọdún 2027 ni wọ́n kọ sára ike náà pé ọjọ́ ìlò rẹ̀ yóò parí. Ṣùgbọ́n etí lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti ń ká sókè, nígbà tí mo sì fi èékánná ṣí i, mo bá lébẹ́ẹ̀lì mìíràn lábẹ́ rẹ̀ tí ọjọ́ tirẹ̀ ti parí láti oṣù Kẹta ọdún 2023. Bébà tí ó yẹ kí ó dí ẹnu ike kò sí níbẹ̀. Mo wá nọ́ńbà NAFDAC rẹ̀ nínú àkójọ oògùn tí àjọ náà gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, oògùn ikọ́ ni ó gbé jáde. Mo fi fọ́tò ohun tí mo rí ránṣẹ́ sí ọkùnrin náà, kò sọ nǹkan kan, ó kàn búlọ́ọ̀kù nọ́ńbà mi ni.

Owó náà dùn mí, ṣùgbọ́n ìwé pélébé tí ó fi sínú páálí ni ó bà mí lẹ́rù jù. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé lysine ń wo herpes, àìsàn fáírọ́ọ̀sì tí ó ń fa irú egbò ètè bẹ́ẹ̀, sàn pátápátá, pé ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru pẹ̀lú, àti pé kí ènìyàn máa lo kápúsù méjìlá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílígíráàmù 1,000 lójúmọ́. Irọ́ tí ó lè ṣe ènìyàn léṣe nìyẹn. Lysine jẹ́ ọ̀kan nínú amínò ásíìdì (èròjà tí ara fi ń ṣe purotéènì) mẹ́sàn-án tí ara kò lè dá ṣe, tí ó jẹ́ pé inú oúnjẹ ni a ti ń rí i: ẹ̀wà, ẹja, ẹran, ẹyin. Ẹyin kan ṣoṣo ní nǹkan bíi mílígíráàmù 450. Àgbàdo ni kò ní in tó, ìdí nìyí tí mọ́ínmọ́ín fi ń ṣe ẹ̀kọ láǹfààní ju adùn ẹnu lásán lọ. Wọ́n ti dán an wò fún egbò ètè, ní gíráàmù kan sí mẹ́ta lójúmọ́, àbájáde rẹ̀ kò sì dọ́gba. Kò lè lé fáírọ́ọ̀sì herpes kúrò lára. Ẹni tí ó bá lò ó ní àlòjù lè ní inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru. Ẹni tí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu tàbí tí ó ń lo kálísíọ́ọ̀mù kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án láìbi dókítà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé èròjà oúnjẹ lásán ni. Ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1989, tryptophan, tí òun náà jẹ́ amínò ásíìdì bíi lysine, dá àìsàn ìrora iṣan sílẹ̀ fún ènìyàn tí ó lé ní 1,500, ó sì pa ju ọgbọ̀n lọ nínú wọn. Èyí tí iléeṣẹ́ kan ní Japan ṣe ni wọ́n tọpasẹ̀ rẹ̀ dé.

Ọkùnrin náà ti pààrọ̀ fọ́tò àti orúkọ òwò rẹ̀, ó ṣì ń tà. Mo ti gbé ike tèmi àti rìsíìtì owó lọ sí ọ́fíìsì NAFDAC. Ẹni tí ó bá ti rà á lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dáwọ́ lílò rẹ̀ dúró, ẹ má ṣe da ike náà nù, ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì wọn tí ó súnmọ́ yín.