psql, mysql, sqlite3 tàbí pgcli: èwo ló ń kọ àkókò ìbéèrè lọ́nà tó tètè yéni?

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú dàtábéèsì fún ilé ìtajà ní Dùgbẹ̀ tàbí ilé ìwé ní Bódìjà, owó kọ́ ló máa pinnu èyí tí ẹ máa mú nínú àwọn irinṣẹ́ tẹ́míná wọ̀nyí (psql àti pgcli fún PostgreSQL, mysql fún MySQL, sqlite3 fún SQLite), torí ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kọ àkókò tí ìbéèrè (query) gbà. Ibẹ̀ lẹ ti máa mọ̀ bóyá index (atọ́ka tó ń jẹ́ kí dàtábéèsì tètè rí ohun tó ń wá) ló kù tàbí sáfà ló yẹ kẹ́ ẹ pààrọ̀, ẹni tó bá sì ṣì í kà á náwó sí ibi tí kò yẹ.

Ká ní ìbéèrè ìparí oṣù kan gba wákàtí kan, ìṣẹ́jú 15 àti sẹ́kọ́ǹdì 21. Bí wọ́n ṣe máa kọ ọ́ nìyí:

psql: Time: 4521087.334 ms (01:15:21.087)
mysql: (1 hour 15 min 21.09 sec)
sqlite3: Run Time: real 4521.087 user 3890.412000 sys 212.655000
pgcli: Time: 4521.087s (1 hour 15 minutes 21 seconds), executed in: 4520.950s (1 hour 15 minutes 20 seconds)

Ti mysql ló rọrùn jù fún ojú, ṣùgbọ́n òun náà ló ń fi nǹkan pa mọ́ jù. Nọ́ńbà méjì péré ló ń kọ lẹ́yìn àmì ìdá, nítorí náà ohunkóhun tí kò bá tó mílísẹ́kọ́ǹdì 5 máa jáde bíi 0.00 sec. Ìbéèrè tó ń gba mílísẹ́kọ́ǹdì 4 máa dà bí ẹni pé kò gba àkókò kankan. Bí áàpù yín bá pè é ní ìgbà 1,000 tẹ̀ léra, sẹ́kọ́ǹdì 4 ti lọ, oníbàárà sì ń wo ojú fóònù. Irinṣẹ́ MariaDB, dàtábéèsì tó ya lára MySQL, ń kọ nọ́ńbà mẹ́ta, ó sàn díẹ̀. Láti MySQL 8.0.18, EXPLAIN ANALYZE, àṣẹ tó ń ṣe ìbéèrè tó sì ń sọ ibi tí àkókò lọ, máa fún yín ní mílísẹ́kọ́ǹdì gan-an. Ohun mìíràn tó ń da èèyàn láàmú: tẹ́ ẹ bá fi fáìlì ránṣẹ́, bíi mysql < iroyin.sql, àkókò kò ní jáde rárá, àfi tẹ́ ẹ bá fi -vvv kún un.

psql kì í fi àkókò hàn fúnra rẹ̀. Ẹ máa tẹ \timing on. Ẹ má ṣe gbàgbé on yẹn. \timing lásán á kàn yí i padà ni, tó bá ti wà ní títàn tẹ́lẹ̀, ẹ ti pa á nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ sínú ~/.psqlrc, fáìlì tí psql ń kà nígbà tó bá ṣí, á máa tàn nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n ẹ fi -X, tí kì í jẹ́ kí psql ka fáìlì yẹn, sí àwọn script yín kí ìlà “Timing is on.” má bàa wọnú àbájáde. Àkọsílẹ̀ inú àkámọ́ yẹn, láti PostgreSQL 10 tó jáde ní 2017 ló ti wà, ìgbà tí àkókò bá sì tó sẹ́kọ́ǹdì kan ló máa ń yọjú. Irú psql tó ṣáájú rẹ̀ á já yín sílẹ̀ pẹ̀lú 4521087.334 ms nìkan, kẹ́ ẹ máa fi ìka ka nọ́ńbà.

Nínú sqlite3, .timer on ni. Real ni àkókò tó kọjá lójú aago. User àti sys ni èyí tí kọ̀ǹpútà fi ṣiṣẹ́ ní tòótọ́. Ẹ ro méjì ìkẹyìn yẹn pọ̀ lókè: 4103.067. Bíi sẹ́kọ́ǹdì 418 tó kù, dídúró ni, bóyá de díìsìkì tàbí de títẹ àbájáde sójú tẹ́míná, torí sqlite3 ń ka títẹ̀ náà mọ́ ọn. Kò sí èyí tó ń ṣàlàyé tó báyìí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó kàn jẹ́ pé kì í yí sẹ́kọ́ǹdì padà sí ìṣẹ́jú tàbí wákàtí.

Ní ti pgcli, executed in dúró níbi tí àbájáde ti dé; Time fi ìgbà tó ń tò ó sínú tábìlì kún un. Ẹni tó bá ń jókòó ti PostgreSQL lójoojúmọ́, èyí ni kó mú, kó sì fi psql sílẹ̀ fún script.

Ọ̀rọ̀ tó kan àwa ará Ìbàdàn jù rèé: psql, mysql àti pgcli ń ka ìrìn orí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ àkókò. Bí sáfà yín bá wà ní Jámánì, ẹ kọ́kọ́ ṣe SELECT 1; (ìbéèrè tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní iṣẹ́ kankan nínú) lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú psql, kẹ́ ẹ mú èyí tó kéré jù. Tó bá jẹ́ 150 ms, tí ìbéèrè yín gangan sì jẹ́ 154 ms, iṣẹ́ nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ǹdì 4 ni dàtábéèsì ṣe. Kò sí index tó lè dín ìyókù kù. Ẹ fi EXPLAIN ANALYZE wádìí rẹ̀: Execution Time tó wà nísàlẹ̀ kò ka ìrìn. Ṣùgbọ́n ó máa ń ṣe iṣẹ́ náà ní ti gidi, nítorí náà tó bá jẹ́ DELETE tàbí UPDATE, BEGIN; ni kó ṣáájú, ROLLBACK; ni kó kẹ́yìn, kí gbogbo rẹ̀ lè padà sí bó ṣe wà.

Fún ìbéèrè onígba pípẹ́, ẹ gba orí ssh wọ sáfà, ẹ ṣí tmux, tó ń jẹ́ kí iṣẹ́ máa lọ lórí sáfà bí ìsopọ̀ yín bá tiẹ̀ já, kẹ́ ẹ tó ṣí psql nínú rẹ̀. Bí iná bá lọ tí ráútà kú, ìbéèrè ń bá iṣẹ́ lọ. Àṣẹ tmux attach ló máa fi ìlà Time hàn yín nígbà tẹ́ ẹ bá padà wọlé.